Mo Ní Ọkọ̀

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni alágbàfọ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní Kòsábàwọ́n. Kì í ṣe orúkọ tí a sọ ọ́ nìyẹn. Oníbàárà kan ló fún un, lọ́jọ́ tó wá gba ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tí epo mọ́tò ti dà sí láyà. Ọkùnrin náà yẹ ṣẹ́ẹ̀tì wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó gbé e sójú oòrùn, ó ní, "Kò sábàwọ́n." Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Yàrá méjì ló ń lò lẹ́yìn ilé mi. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń sùn nínú ọ̀kan. Aṣọ ń sùn nínú ìkejì.

Nínú yàrá aṣọ, tábìlì kan wà tí mo kàn fún un, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, tó fi búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò. Orí rẹ̀ ló ti ń lọ aṣọ. Irin ìlọṣọ rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan oníná mànàmáná, ọ̀kan eléèédú. Bí iná bá lọ, eléèédú á gba iṣẹ́. Okùn mẹ́rin nà láti ògiri dé ògiri. Bàfù mẹ́rin wà lábẹ́ tábìlì, ọ̀kan ń jò díẹ̀, Kòsábàwọ́n sì mọ ibi tó ń jò.

Kò mọ̀wé. Kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ aṣọ ẹnì kan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ti ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Òwú ló fi ń ṣe é. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ òwú tirẹ̀ àti iye kókó tirẹ̀. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ dé, kí omi tó kàn án, yóò fi abẹ́rẹ́ fa òwú náà gba ìṣẹ́tí aṣọ, níbi tí ojú kò dé, yóò ta á ní kókó. Òwú náà kì í kúrò níbẹ̀ mọ́ láé. Pupa oníkókó kan, ti dókítà ni. Pupa oníkókó méjì, ti ìyàwó dókítà ni. "Nínú omi mi nìkan ni wọn kì í jà," ló máa ń wí.

Ohun ìní rẹ̀ tó tóbi jù ni ọmọlanke kan tó fi ń kó aṣọ kiri. Bí o bá pè é ní ọmọlanke níwájú rẹ̀, o ti rí ìjà.

"Kí ló ń jẹ́ ọkọ̀?" ni yóò bi ọ́. "Ṣé kò ní táyà ni? Ṣé kì í gbẹ́rù ni? Ṣé kì í bàjẹ́ sójú títì bíi tìrẹ ni? Ọkọ̀ ni."

Gbogbo àdúgbò wá ń pè é ní ọkọ̀. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Awakọ̀ ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí tó wa ọkọ̀ akẹ́rù jáde, tó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ọkọ̀ akẹ́rù padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Awakọ̀ kò dé. A gbọ́ pé ó wà níbòmíràn lọ́dọ̀ obìnrin mìíràn, ara rẹ̀ le, ó sanra. A kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ nínú ilé.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìtura kan ní òpópónà ńlá, alájà mẹ́ta. Mo mọ ilé náà dáadáa, torí bíríkìlà ni mí, mo sì wà lára àwọn tó to ògiri ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ìkẹyìn tí mo ṣe nìyẹn kí eegun ẹ̀yìn mi tó ní ó tó. Mánijà ibẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tínrín kan tó máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò. Ó ránṣẹ́ pe Kòsábàwọ́n.

"Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ogójì lójoojúmọ́," ni mánijà wí. "Èèyàn mẹ́ta ni mo bi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dárúkọ rẹ. Àmọ́ mi ò lè kó aṣọ ilé ìtura fún ẹni tó ń fi bàfù fọṣọ. Lọ ra ẹ̀rọ. Mo fún ọ lóṣù méjì. Tí mi ò bá rí ẹ̀rọ, màá pe ẹlòmíràn."

Ó dé ilé, ó jókòó sórí àpótí.

"Bàbá, oṣù méjì."

"Mo gbọ́."

"Tí mo bá rí iṣẹ́ yìí gbà, mi ò ní máa kan ilẹ̀kùn ilé-dé-ilé mọ́ láti wá aṣọ. Aṣọ á máa wá mi."

"Mo gbọ́. Ẹ̀rọ ńkọ́?"

Owó ẹ̀rọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kẹrin ìyẹn ni mo rí bébà kan lára ògiri ilé ìwòsàn. Àjọ aláàánú kan ló lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sí àmì ohùn kan lórí, kò sí àmì kan nísàlẹ̀: OWO IRANLOWO WA FUN OPO OBINRIN TO FE DA OWO SILE. Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ, ọdún méjì péré. Mo rọra ka ohun tó wà níbẹ̀: owó ìrànlọ́wọ́ wà fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀. Mo tún un kà. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní ká dá owó náà padà. Ọ̀pọ̀ obìnrin, mo sọ fún ara mi, á jẹ́ pé ààyè ọ̀kan á kù fún tiwa. Mo gba fọ́ọ̀mù.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo gbẹ́ pẹ́ńsù tí mo fi ń sàmì sí ògiri. Mò ń kà, ó ń dáhùn, mò ń kọ.

"Orúkọ."

"Ẹ kọ Kòsábàwọ́n."

"Èyí tí a sọ ọ́ ni wọ́n ń béèrè."

"Ẹ kọ méjèèjì. Èyí tí ẹ sọ mí kò fọ aṣọ kankan rí."

Mo kọ méjèèjì. A kọ ọjọ́ orí, iye ọmọ, irú òwò. Ìbéèrè kẹfà béèrè irinṣẹ́ tó ní. Mo kọ bàfù mẹ́rin, irin méjì, tábìlì kan, okùn mẹ́rin. Ó ní kí n kọ ọ́ pé bàfù kan ń jò. Mo kọ ọ́.

Ìbéèrè keje: *Nje o ni oko?*

Mo dúró. Ọ̀rọ̀ tí kò lámì dà bí ògiri tí wọ́n tò láìta okùn: ó lè dúró, ibi tó dojú kọ ni o kò mọ̀.

"Oko," mo ní. "Ó lè jẹ́ oko tí wọ́n ń ro."

"Èmi? Bàbá, òdòdó inú ìkòkò pàápàá kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ó lè jẹ́ ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ó."

"Ẹ gbọ́ ná. Ṣebí irinṣẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè tán? Kí ló máa ń tẹ̀lé irinṣẹ́? Ohun tí wọ́n fi ń gbé e ni. Ọkọ̀ ni wọ́n ń bi wá."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ òótọ́. Mo fa ìlà sábẹ́ *Bee ni*. Ti ọkọ kò wá sí èyíkéyìí nínú wa lọ́kàn. Mo ti sọ pé a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ nínú ilé.

Àwọn ìbéèrè tó tẹ̀ lé e kò jẹ́ ká fura. *Lati odun melo?* Mo kọ: ọdún méje. *Ipo wo lo wa?* Ó ní kí n kọ òótọ́. Mo kọ: *Ó ti gbó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀, wáyà la fi dè é. Bí òjò bá ń rọ̀, ó máa ń ké.* *Ki lo n se fun o?* Mo kọ: *Ó ń gbé ẹrù. Bí mi ò bá tì í, kò lè rìn.*

"Ẹ fi kún un," ó ní, "pé tí mo bá rówó, màá fi pààrọ̀ tuntun."

Mo fi kún un. Ó tẹ̀ka sí i. Mo gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pe gbogbo ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù sí gbọ̀ngàn kan láti wá dáhùn ìbéèrè. Obìnrin bí ogún ló jókòó síta. Mo rí i pé aṣọ dúdú ni púpọ̀ nínú wọn wọ̀. Mo rò pé torí eruku ni.

Nígbà tó kàn wá, a wọlé. Tábìlì gígùn kan wà, aṣọ funfun wà lórí rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Àárín ni obìnrin tó jẹ́ olórí àjọ wà, Ìyá Àjọ ni wọ́n ń pè é, ojú rẹ̀ tutù. Akọ̀wé wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó so táì. Lọ́wọ́ òsì, bàbá arúgbó kan ń tòògbé.

Akọ̀wé mú fọ́ọ̀mù wa. Ẹnu rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín kó tó ṣí i.

"Ìbéèrè keje," ó ní. "O dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Kòsábàwọ́n wí.

"Láti ọdún méje."

"Ó pé méje."

"O ní ó ti gbó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yẹ̀."

"Ó yẹ̀. Àmọ́ ẹ má fojú yẹn wò ó. Ó ń gbé àpò aṣọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Akọ̀wé fi fọ́ọ̀mù bojú. Ìyá Àjọ tẹ̀ síwájú.

"Ibo ló wà báyìí?"

"Ó wà níta, mà. Mo fi ṣéènì so ó mọ́ òpó iná."

"O fi kí ni?"

"Ṣéènì, mà. Tí mi ò bá so ó, àwọn ọmọ tó ń kọjá á máa gùn ún."

Akọ̀wé kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àjọ kò rín.

"Obìnrin yìí," ó ní, "o fi ṣéènì so ọkọ rẹ mọ́ òpó iná?"

Ohùn ọ̀rọ̀ náà ló jẹ́ kó yé wa. Orí bébà, kò sí ohùn. Kòsábàwọ́n yíjú sí mi. Èmi náà wò ó.

"Ọkọ," ó ní, wẹ́rẹ́. "Ọkọ lẹ béèrè."

"Kí lo rò pé a béèrè?"

"Ọkọ̀, mà. Tí mo fi ń kó aṣọ."

Akọ̀wé ń nu ojú. Ìyá Àjọ gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìrẹ́rìn-ín.

"Ọkọ rẹ gan-an ńkọ́?"

"Ó lọ láti ọdún mẹ́sàn-án, mà. Kò padà."

"Ó kú?"

"Rárá, mà. Ó lọ ni."

Ìyá Àjọ gbé fọ́ọ̀mù sílẹ̀. "Ó dùn mí. Àwọn opó ni owó yìí wà fún."

Mo dìde. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, lára ògiri, ọ̀pọ̀ obìnrin lẹ kọ."

"Opó obìnrin la kọ, Bàbá."

"Ẹ kò fi àmì sí i."

"Bàbá," ni Akọ̀wé wí, "gbogbo ayé ló mọ ohun tó túmọ̀ sí."

"Èmi náà wà láyé," mo ní. Mo jókòó.

Lẹ́yìn náà, Ìyá Àjọ rẹ ohùn sílẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Iṣẹ́ rẹ wù mí," ó sọ fún Kòsábàwọ́n. "Ọkọ tó lọ láti ọdún mẹ́sàn-án, kí ló fi yàtọ̀ sí òkú?"

"Òkú kì í sanra, mà."

"Ohun tí mò ń sọ ni pé a lè pa ọ̀kan rẹ́, ká kọ òmíràn. Kò sẹ́ni tó máa wádìí rẹ̀."

Akọ̀wé ti ti fọ́ọ̀mù mìíràn síwájú pẹ̀lú tàdáwà ìtẹ̀ka. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Èmi á bá ọ kọ *opó*. Kí o tẹ̀ka, ó parí. Ẹ̀rọ rẹ dé."

Mo mọ iye ọjọ́ tó kù fún wa lọ́dọ̀ mánijà. Mo mọ ibi tí owó mìíràn ti lè wá. Kò síbì kan. Bí ó bá bojú wò mí nígbà náà, bóyá ǹ bá mi orí sí i pé kó gbà. Kò bojú wò mí.

"Òpó kan ṣoṣo ni mo mọ̀," ó ní, "òun ni èyí tí mo so ọkọ̀ mi mọ́ níta. Èmi kì í ṣe opó. Àwọn ọmọ mi ní bàbá. Kò dáa, àmọ́ ó wà láàyè. Tí mo bá tẹ̀ka pé ó kú, kí ọ̀sẹ̀ tó parí wọ́n á ti gbọ́ ọ nílé ìwé. Ta ló máa bá mi jí i padà?"

"Obìnrin yìí, ìrànlọ́wọ́ la fẹ́ ṣe fún ọ o," ni Akọ̀wé wí.

"Mo gbọ́. Ẹ ti bi mí ní ìbéèrè mẹ́rìnlá. Ẹ kò bi mí bí mo ṣe ń yọ epo mọ́tò. Ẹ kò bi mí iye aṣọ tí mò ń fọ̀ lójúmọ́. Ẹni tó ń sùn nílé mi lẹ fẹ́ mọ̀."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ pé o mọ iṣẹ́?" ni Akọ̀wé wí. "Ẹnu lásán ni."

Kòsábàwọ́n tẹ̀ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá igun aṣọ tábìlì náà mú, ó yí ìṣẹ́tí rẹ̀ síta. Òwú aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀, kókó mẹ́ta.

"Ti alábòójútó gbọ̀ngàn yìí nìyí," ó ní. "Ọjọ́rú ni mo fọ̀ ọ́. Ọtí pupa ló dà sí i, odidi ìgò, abẹ́ ibi tí ìwé yín wà yẹn gan-an. Ẹ gbé ìwé yín, ẹ wá a."

Akọ̀wé kò mira. Ìyá Àjọ fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé kúrò. Ó wo aṣọ náà. Ó fi ọwọ́ pa á. Bàbá arúgbó tó ń tòògbé ti la ojú, ó na ọrùn, ó fi ojú wá a kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sábàwọ́n," ni bàbá náà wí.

Kò mọ̀ pé orúkọ ló pè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ọmọ àbúrò mi dáhùn.

Ìyá Àjọ pa fáìlì dé. "Òfin ni òfin," ó ní. Kò wo ojú wa nígbà tó sọ ọ́.

"Mo gbọ́, mà. Ẹ kú iṣẹ́."

A jáde. Ó tú ṣéènì lára òpó. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.

"Èmi ni mo kọ ọ́ ní ìkọkúkọ," mo ní.

"Ohun tí mo ní lẹ kọ. Ẹ kò parọ́." Ó gbé ọwọ́ ọkọ̀ sókè. "Ẹ wá bá mi tì í. Òkè ló kàn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọn ẹ̀yìnkùlé. Mo ní búlọ́ọ̀kù tí mo ti kó jọ láti fi to ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè dúró. Mo fi wọ́n to ọpọ́n mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, mẹ́ta ní fífẹ̀, jíjìn rẹ̀ mu Kòsábàwọ́n dé orúnkún. Ọpọ́n kẹta ga ju ìkejì lọ, ìkejì ga ju èkíní. Omi tí a fi ṣan aṣọ lókè, yóò ṣàn wá sí àárín, yóò tún ṣàn wá sísàlẹ̀ láti fi rẹ ìdọ̀tí. Omi kan ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Mo fi sìmẹ́ńtì dán inú wọn títí tí wọ́n fi ń dán bí àwo. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é. Nígbà tí ẹ̀yìn mi le, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe irú rẹ̀. Mo fi àpò tútù bò wọ́n fún ọjọ́ méje kí sìmẹ́ńtì lè mú.

Nígbà tí mo ṣí wọn, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ sínú èkíní, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀.

"Bàbá, ó dára ju ilé tí mò ń sùn lọ."

"Má sùn síbẹ̀."

Lọ́jọ́ tí oṣù méjì pé, a ti ọkọ̀ lọ sí ilé ìtura. Mánijà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Ẹ̀rọ dà?"

Kòsábàwọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì.

"Méjì ni mo ní," ó ní.

Mánijà wo ẹsẹ̀ náà. "Ṣé o ń fi mí ṣeré ni?"

"Rárá. Ẹ fún mi lọ́jọ́ méje. Aṣọ ogójì lójúmọ́, bí ẹ ṣe wí. Tí ẹ bá rí àbàwọ́n kan lára ẹyọ kan, ẹ lé mi, kí ẹ má sì sanwó ohun tí mo ti fọ̀."

"Ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan."

Ó fún un lọ́jọ́ méje. Mo rò pé ó fẹ́ rí bó ṣe máa kùnà.

Ogójì ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ń lọ tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ kìíní, kó tó fi ẹyọ kan sómi, ó fi òwú búlúù sí gbogbo ogójì náà, kókó kan kan. Àtàárọ̀ ló ń wọ inú ọpọ́n. Ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ aṣọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń yí i, ó ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, awọ gìgísẹ̀ rẹ̀ ti ń bó. Ó fi nǹkan kùn ún, ó padà wọ inú omi. Ìyá rẹ̀, àbúrò mi, wá kí wa lọ́jọ́ kẹrin, ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

"Ẹ lọ sọ fún ẹsẹ̀, Màmá," ó ní. "Èmi kò ní àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́."

Ọjọ́ keje, a kó aṣọ dé. Mánijà tú u sórí tábìlì, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò wọ́n lábẹ́ iná. Kò rí nǹkan. Ó wọ yàrá kan lọ, ó padà pẹ̀lú ẹyọ kan lọ́wọ́. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Àbàwọ́n pupa ràkọ̀ràkọ̀ kan wà láàárín rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

"Èyí wà lára bẹ́ẹ̀dì àlejò láàárọ̀ yìí," ó ní. "Ó ti parí nìyẹn."

Kòsábàwọ́n mú etí aṣọ náà, ó fi ìka tọ ìṣẹ́tí rẹ̀ yíká, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Kì í ṣe tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo alágbàfọ̀ ń wí."

"Àwọn yẹn ń wí. Èmi ń fi hàn yín ni. Ẹ fa èyí tó bá wù yín yọ nínú àwọn tó wà lórí tábìlì."

Mánijà fa mẹ́ta yọ. Kòsábàwọ́n yí igun wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Òwú búlúù, kókó kan. Òwú búlúù, kókó kan. Òwú búlúù, kókó kan.

"Èyí kò lówùú. Kò dé inú omi mi rí. Ẹ kà wọ́n."

Mánijà kà wọ́n. Ogójì pé sórí tábìlì, ọ̀kan lé. Ó pe obìnrin tó ń tún yàrá ṣe, ó bi í ibi tó ti rí èyí tó lé.

"Ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni, sà," ni obìnrin náà wí. "Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ṣílé. Tíì ló dà sí i. Mi ò mọ̀ pé..."

Mánijà fọwọ́ dá a dúró. Ó mú òwú búlúù kan láàárín ìka méjì, ó fà á wò. Kò já.

"Mú eléyìí náà lọ, kó o fọ̀ ọ́," ó ní.

"Kí n kọ́kọ́ fi òwú sí i," ni Kòsábàwọ́n wí. Abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rán an níwájú rẹ̀.

Bó ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí oṣù àkọ́kọ́ parí, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá síwájú mi, ó ní òun fẹ́ kí n kọ nǹkan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí gbogbo ẹni tó bá kọjá lè rí i. Mo ní ọ̀dà pupa tó ṣẹ́kù lára ti géètì. Mo bi í ohun tí màá kọ.

"Ẹ kọ *Mo ní ọkọ̀*. Kí ẹ fi gbogbo àmì sí i."

Mo kọ ọ́. Ó jókòó tì mí títí mo fi parí.

"Èwo ló jẹ́ kó jẹ́ ọkọ̀?"

Mo fi han án.

"Èyí tó dà bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè yìí?"

"Òun ni."

"Ẹ jẹ́ kó tóbi sí i."

Mo jẹ́ kó tóbi. Àmì náà wá tóbi ju lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọdún yípo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Akọ̀wé àjọ yọ lẹ́yìnkùlé wa, fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kòsábàwọ́n wà nínú ọpọ́n àárín, omi dé orúnkún rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kí wa dáadáa.

"Ìyá Àjọ ní kí n mú un wá fún yín, mà. A ti fi àmì sí gbogbo rẹ̀. A sì ti yọ ìbéèrè keje."

Mo gbà á, mo kà á. Àmì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣì í, mo sì fi hàn án.

"Owó náà ńkọ́?" ni Kòsábàwọ́n bi í. "Ta ló wà fún?"

"Àwọn opó ṣì ni, mà. Ṣùgbọ́n Ìyá Àjọ ní tiyín..."

"Tiwọn ni, nígbà náà. Ìyá mẹ́ta ni mo rí níta lọ́jọ́ yẹn tí wọn kò rí nǹkan gbà. Gbé e fún wọn." Ó ń tẹ aṣọ lọ, kò dúró. "Ṣẹ́ẹ̀tì tó o wọ̀ yẹn, ta ló fọ̀ ọ́?"

Akọ̀wé wo ọrùn ara rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni, mà."

"Ó hàn. Mú un wá lọ́jọ́ Ajé."

Ó mú un wá lọ́jọ́ Ajé, òun àti mẹ́rin mìíràn. Òwú tirẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, kókó kan. Ó ń sanwó bíi gbogbo èèyàn.

Kòsábàwọ́n ti ní ohun tó lè fi pààrọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ báyìí. Mo bi í lọ́sẹ̀ tó kọjá ìdí tí kò fi tíì ṣe é. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi tuntun ṣe, ṣé èyí kò gbé òun dé ibi tí òun ń lọ ni? Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣì yẹ̀. Mo tún wáyà rẹ̀ dè láàárọ̀ yìí. Ó ń rìn.